Ìlà Pupa Lára Igi Fúrúùtù

Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan kó wá sí àdúgbò wa ní Ṣógúnlé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣe ìwádìí igi àárín ìlú, kí ó sì gbèrò ibi tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀ fún igbó bí ilé ṣe ń pọ̀ sí i. Àwọn àgbà a máa rẹ́rìn-ín: ṣé ènìyàn ń lọ sí yunifásítì torí kí ó lè ka igi?

Ní tèmi, mo ń tẹ̀ lé e kiri, torí mo fẹ́ mọ̀ bí ó ṣe ń mọ gíga igi láìgùn ún. Ó mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó gùn tó apá rẹ̀, ó nà án síwájú ní òòró, ó sì ń fà sẹ́yìn títí ọ̀pá náà fi bo igi lójú rẹ̀ láti ìdí dé orí. Ó ní kí n wọn ilẹ̀ láti ibẹ̀ dé ìdí igi: iye tí mo bá rí ni gíga rẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, torí mi ò gbà á gbọ́.

Igi fúrúùtù kan wà níwájú ilé wa. Abẹ́ rẹ̀ ni ìyá mi ti ń ránṣọ, nítorí yàrá kan ṣoṣo tí a háyà ṣókùnkùn, kò sì sí ibòmíràn tí ó lè gbé máṣìnnì rẹ̀ sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi téèpù wọn igi náà ní ọ̀gangan àyà, ó sì fi ọ̀dà pupa fa ìlà síbẹ̀. Mo bi í léèrè. Ó ní kí òun lè tún wọn ojú ibẹ̀ gan-an lọ́dún tó ń bọ̀ ni, kí òun mọ bí igi ṣe sanra sí i. Èsì náà dùn mọ́ mi, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kẹta, mo ti ibi tí wọ́n rán mi dé, mo bá agégi lórí igi náà, bàbá onílé wa sì dúró nísàlẹ̀. Ẹ̀ka kan ti wà nílẹ̀. Ìyá mi ń gbé máṣìnnì rẹ̀ wọlé.

“Bàbá onílé, ẹ jọ̀ọ́, kí ni igi ṣe?”

“O ò rí ọ̀dà pupa ni? Ní Èkó yìí, ohun tí ìjọba bá fi ọ̀dà pupa kùn, wọ́n fẹ́ wó o ni. Kí wọ́n tó wá gé e wó lu òrùlé mi, ẹ jẹ́ kí n tètè gé e fúnra mi.”

“Kì í ṣe ìjọba, sà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni…”

“Pa ẹnu dé! Ọmọ aránṣọ fẹ́ kọ́ mi ní òfin Èkó.”

Nígbà náà, ọmọ tí ó bá tún sọ̀rọ̀ lẹ́yìn irú ìyẹn, ìgbátí ni yóò jẹ. Mo sáré. Mo bá ọ̀jọ̀gbọ́n nídìí tíì rẹ̀, mo fà á láṣọ, ó sì tẹ̀ lé mi tòun ti sálúbàtà ilé.

“Bàbá, ẹ dákun, ẹ dá a dúró! Èmi ni mo fa ìlà yẹn. Mo fẹ́ mọ bí ó ṣe ń dàgbà ni.”

Bàbá onílé wò ó láti òkè délẹ̀. “Pẹ̀lú gbogbo ìwé tí ẹ kà, ọ̀dà pupa ni ẹ rí? Ṣé funfun ti tán lọ́jà ni?”

Agégi bú sẹ́rìn-ín lókè, ó ní kí wọ́n tètè pinnu, èèrà ń jẹ òun. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò jiyàn. Ó ní inú igbó ọba ni òun ti kọ́ṣẹ́, níbi tí kò sí onílé. Kò wá sí òun lọ́kàn láti béèrè ohun tí ọ̀dà pupa ń sọ fún ará Ṣógúnlé. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá onílé, ó sì lọ tọrọ ti ìyá mi lọ́tọ̀. Bàbá onílé ní kí agégi sọ̀kalẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n àti ìyá mi sì jọ gbé máṣìnnì padà sábẹ́ igi.

Iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ni èmi náà ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ayé ti yí padà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní ń jókòó sí ọ́fíìsì wo igi Ọ̀ṣòdì àti Ìsọlọ̀ nínú àwòrán tí a yà láti òfuurufú, ìyẹn sì ṣì ń yà mí lẹ́nu. Láìpẹ́ yìí, mo bá ọ̀kan nínú wọn lọ sí Ire-Akari. Ó dojú fóònù kọ igi máńgòrò kan láti fi wọ̀n ọ́n. Obìnrin kan yọjú láti inú ilé: “Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ fi igi mi ṣe?” Ọmọ náà ń wá èsì nínú fóònù. Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi sí àpò, mo sì bẹ obìnrin náà pé kí ó bá wa wá àga, kí a lè jókòó ṣàlàyé fún un.