Wáyà Tí Bọ̀dá Ò Tà

Bọ̀dá tí a jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòtún kì í fi orin dán wáyà wò. Èmi ń tún fóònù ṣe, àwọn ń ta íàpíìsì olówó gọbọi. Wáyà méjì ló máa ń bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wá nínú páálí. Wọ́n á ki íàpíìsì bọ etí, wọ́n á di orí wáyà tó yẹ kó wọ fóònù mọ́wọ́, wọ́n á dijú.

"Orin máa ń bo àléébù wáyà ṣá," ni wọ́n máa ń sọ.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n fi wáyà funfun sí mi létí.

"Kí lo gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, sà."

"Ó dáa. Èyí ńkọ́?" Èkejì lọ́ mọ́ra bí irun dídì.

Ohùn màámi tó ti dolóògbé ni mo gbọ́, tó ń pe, "Àkànní," bí ìgbà tí oúnjẹ bá jinná. Mo já a kúrò létí. Bọ̀dá wo ojú mi, wọ́n rọra ká wáyà náà.

"Èyí kì í ṣe títà."

Nígbà tí Bọ̀dá kú, ìyàwó wọn mú un wá fún mi. "Wọ́n ní tìẹ ni."

Ó wà nínú àpótí mi títí dòní. Mi ò fi sétí mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo lè má gbọ́ nǹkan kan.