Ìkíni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lórí ámúpù gìtá

Ní Minna níbí, mo ti pọn omi tà ní Soje, mo ti ru síméǹtì ní Shango, ìwé mi ò sì kọjá pírámárì mẹ́ta. Gbogbo ìyẹn ò pa mí. Lónìí, ìkíni lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ámúpù gìtá tí mo fọwọ́ ara mi kàn, onígílóòbù bíi ti rédíò àtijọ́, ni mo tú kí n lè tún ohùn rẹ̀ ṣe. Mo ti yọ ọ́ lára iná, ṣùgbọ́n kàpásítọ̀ inú rẹ̀ ṣì ń tọ́jú iná pamọ́. Òfin mi ni pé ọwọ́ kan á ṣiṣẹ́, èkejì á wà lápò, kí iná má bàa gba àyà mi kọjá.

Alájì àdúgbò wa yọjú, ó kí mi kú iṣẹ́ ní èdè Haúsá. "Baba, sannu da aiki."

"Yauwa, sannu." Mo yọ ọwọ́ lápò, mo juwọ́ sí i. Ọwọ́ ọ̀hún ò padà sápò, inú ámúpù ló ń lọ.

Ìyàwó mi tó ń ṣa ìrẹsì ní, "Bàbá Fọlá, àpò."

Mo dúró. Mo fi ẹnu sukudiráfà kan kàpásítọ̀ náà kí iná inú rẹ̀ lè jáde. Ó dún pàá, iná tan yẹ̀rì.

Ìyàwó mi ní, "Ṣé iná tí ẹ ní ẹ ti yọ nìyẹn?"

"Òun ni."

"Ẹ ṣáà ní mi ò mọ iṣẹ́ yín."

Alájì ní, "Alhamdulillahi."

Kò sẹ́ni tó lè kan irú ámúpù yìí ní Minna, àfi èmi. Ṣùgbọ́n orúkọ mi nìkan ni mo kọ síwájú rẹ̀. Ẹ bá mi kọ ọ̀rọ̀ ọpẹ́ fún Ìyá Fọlá sísàlẹ̀ yìí, màá kà á fún un. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá kọ orúkọ rẹ̀ sókè tèmi.