Àtẹ́lẹwọ́ Táńtí

Mi ò lè rí ọ̀kùn nílẹ̀ kí n má rántí àtẹ́lẹwọ́ òsì Táńtí, àbúrò bàbá mi obìnrin tí ikú mú lọ. Lóko wa ní Ara, nítòsí Ẹ̀jìgbò, àwa ọmọdé a máa fi igi tọ́ ọ̀kùn títí á fi ká. Táńtí á gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ̀rù bá kúrò lára ẹ̀, á nà fúnra ẹ̀."

Tíṣà ni wọ́n ní orílẹ̀-èdè Kodifuá. Lórí òkè kan lọ́hùn-ún ni wọ́n ti rí ọ̀kùn ẹlẹ́sẹ̀ pupa tí ìwé kankan ò tíì mẹ́nu bà. Abo nìkan ni wọ́n rí, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ akọ la fi ń dá irú ọ̀kùn mọ̀ ká tó lè sọ ọ́ lórúkọ. Gbogbo ìgbà òjò ni wọ́n ń gun òkè náà, tàwọn ti orúnkún tó ń dùn wọ́n.

"Ọ̀kùn Ẹ̀jìgbò ò tó ọ ni?" Bàbá mi ló máa ń béèrè bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ní ń sọmọ lórúkọ láì mọ bàbá ẹ̀?"

Àìsàn ló gbé wọn wálé. Wọ́n ká jọ lórí ibùsùn, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá mi fẹ́ na ẹsẹ̀ wọn. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, tíṣà ẹlẹgbẹ́ wọn pè láti Kodifuá pé òun ti rí akọ. Mo fẹnu sí wọn létí.

"Táńtí, akọ ọ̀kùn yín ti dé."

Wọn ò lajú. Ọwọ́ òsì wọn ló rọra yọ lábẹ́ aṣọ, wọ́n ṣí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń dúró dè é.

Mi ò ní nǹkan kan tí mo lè gbé síbẹ̀. Mo bá fi ọwọ́ mi sí i.