Ọjọ́ tí Oògùn Yọ̀ Lápá Mi

Ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ fáráǹ ni mo ń ta abọ́ òrí kan lọ́jà Awendjé. Bí o bá ná an, màá rẹ́rìn-ín. Bí o bá tún un ná, màá bi ọ́ bóyá ìyá rẹ ò fi òrí pa ọ́ lára rí, torí awọ rẹ funfun bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹfun kùn. Wàá sì san án. Ó lé lógún ọdún tí mo ti wà ní Libreville, olú ìlú Gabon. Ẹnu mi ló ń tajà, òrí kàn jókòó síbẹ̀ ni.

Òrí yìí náà ló kó mi sí ìjọ̀gbọ̀n tí mo fẹ́ sọ.

Bí mo bá ronú kàn án báyìí, bí àlá ló ṣe ń rí lójú mi. Ọdún tó ṣáájú ìjọ̀gbọ̀n náà ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀ẹ̀rùn ti ibí kì í ṣe ti ilé wa. Kò sí ọyẹ́, kò sí eruku. Òjò á kàn dákẹ́, oòrùn á wọ inú ìkùukùu lọ jókòó, ojú ọ̀run á rí bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, atẹ́gùn òkun á sì máa rọra fẹ́ wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà náà ni àìsàn tí wọ́n ń pè ní gírípù máa ń kiri. Ọ̀fìnkìn lèmi ń pè é, mo sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, títí ó fi gbé mi ṣánlẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi dùbúlẹ̀. Ibà náà gbé mi kúrò lórí ibùsùn. Mo rí ara mi tí mò ń léfòó lókè ṣọ́ọ̀bù, àwọn abọ́ òrí tò nísàlẹ̀ bí òṣùpá kéékèèké, oníbàárà kan ń ná ọjà, mi ò sì lè dá a lóhùn. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù: pé ẹnìkan ń ná ọjà mi, ẹnu mi ò ṣí. Oṣù mẹ́ta kọjá kí èémí mi tó bọ̀ sípò. Mo mọ̀ pé bí àìsàn náà bá padà wá, ó lè má dá mi sílẹ̀ mọ́. Dókítà ní kí n máa gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọọdún. Mo ní ó dáa. Mi ò padà lọ. Èmi tí mo lè dá ọlọ́pàá dúró lójú títì kí n bú u, bí mo bá rí abẹ́rẹ́, ẹ̀yìnkùlé ni màá gbà sá jáde.

Nítorí náà, nígbà tí nọ́ọ̀sì kan wá sọ́jà wa, ọmọ Nàgó láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tó ní àwọn ń wá àgbàlagbà tí yóò dán oògùn gírípù tuntun wò, mo ní kó máa lọ.

"Ìyá, kì í ṣe abẹ́rẹ́ tí ẹ mọ̀," ó ní. "Pláásítà kékeré ni, kò ju owó ẹyọ lọ. A ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ yín lápá, ẹ ó jókòó fún ogún ìṣẹ́jú, oògùn á gba awọ wọlé."

"Kí ló ń tì í wọlé?"

"Àwọn ẹnu abẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kéré débi pé ojú ò lè rí wọn. Inú awọ ni wọ́n ń yọ́ sí, bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀."

Télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbórí sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Abẹ́rẹ́ tí ojú ò lè rí? Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ìyá Olóòrí, wọ́n fẹ́ rán yín mọ́ àga ni."

"Bí wọ́n bá rán mi, ẹsẹ̀ mi méjèèjì á ṣáà dọ́gba. Kò ní rí bíi ṣòkòtò tí o rán lọ́dún Iléyá."

Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni màá wá, wọn á sì máa fún mi ní ẹgbẹ̀rún méje àbọ̀ owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ka ìwé náà sí mi létí lẹ́ẹ̀mejì, mo tẹ̀ka. Ohun kan ṣoṣo ló tẹnu mọ́: "Ẹ jẹ́ kí apá yín mọ́, kó sì gbẹ. Ẹ má fi nǹkankan pa á."

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, nǹkan ni àtíkè, nǹkan ni ìpara abóra tí wọ́n ń tà nínú ìgò. Òrí kì í ṣe nǹkan tí à ń fi pa ara. Ara gan-an ni. Àti pé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ẹ̀fọ́rí ń dà mí láàmú, ìyá ìyá mi sín gbẹ́rẹ́ fún mi níwájú orí, ó po oògùn dúdú mọ́ òrí, ó fi ra á. "Awọ ní ẹnu," ó ní, "òrí ló ń bá a ṣí i." Mo wò ó pé ohun táwọn dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, ó ti pẹ́ nílé wa. Láàárọ̀ ọjọ́ tí màá kọ́kọ́ lọ, mo wẹ̀, mo fi òrí pa apá mi títí ó fi ń dán bíi bàtà tuntun. Mo fẹ́ bá wọn ṣílẹ̀kùn sílẹ̀.

Nílé ìwòsàn wọn ní Sotega, nọ́ọ̀sì fi òwú nu apá mi. "Ìyá, ara yín mà ń dán o."

"Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn."

Ó nu ún lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tẹ pláásítà mọ́ ọn, ó lọ sí yàrá kejì. Ẹ̀rọ atẹ́gùn ń kùn. Kọ́tìnnì funfun ń mí sókè, ń mí sódò. Oorun fà mí lọ. Ìyá ìyá mi dé, ó jókòó sétí òkun Libreville tí kò dé rí, ó ń po nǹkan nínú awẹ́ igbá, ìgbì ń wá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣeré. Ó ní kí n na apá. Mo nà án. Ohun kan rọra rìn lápá mi bí ìgbín.

Mo lajú. Pláásítà ti yọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Bó ṣe fẹ́ já bọ́, mo fi àtàǹpàkò gbá a mú, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ha mí lọ́wọ́ bí ahọ́n ológbò. Àtàǹpàkò mi ló gba àjẹsára.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì. Mo lè lẹ̀ ẹ́ padà, kí n dákẹ́: màá gba owó ọkọ̀ tó kù, mi ò sì ní rí abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí gírípù bá tún gbé mi, wọn á kọ ọ́ sílẹ̀ pé oògùn náà ò dáa, ẹni tó bẹ̀rù abẹ́rẹ́ bíi tèmi ò sì ní rí i lò. Mo lè bú oníbàárà títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n mi ò fi kọ́ńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú wọn ọjà fún ẹnikẹ́ni rí.

"Ọmọ mi," mo ní, "Ọlọ́run kọ́ ló dá mi bẹ́ẹ̀. Òrí ni."

Ó pe dókítà. Dókítà wo àtàǹpàkò mi bí ẹni wo ọmọ tuntun, ó sọ Faransé kan tó ń sáré. Nọ́ọ̀sì ní: "Ó ní a ò lè kà yín mọ́ àwọn tó ń dán oògùn wò mọ́. Bí oṣù kan bá pé, kí ẹ wá gba abẹ́rẹ́ gidi."

"Àbí oògùn ti wọlé?"

"A ò mọ̀, Ìyá."

"Á jẹ́ pé àtàǹpàkò mi nìkan ni gírípù ò ní lè mú."

Nọ́ọ̀sì túmọ̀ rẹ̀, dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá béèrè ẹni mélòó lọ́jà wa ló ń fi òrí para.

"Gbogbo ẹni tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì wá ra abọ́ òrí méjì. Ó ní wọ́n fẹ́ wá pláásítà tí yóò lẹ̀ mọ́ irú ara wa. Kò ná an.

Oṣù kan pé, mo lọ. Nọ́ọ̀sì dì mí lọ́wọ́ mú, mo dijú, ẹ̀rù gbé mi lọ sókè ṣọ́ọ̀bù bíi tìjọ́sí. Àwọn òṣùpá mi tò nísàlẹ̀, oníbàárà yẹn ṣì ń ná ọjà. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu mi ṣí. Wọ́n ní gbogbo yàrá ló gbọ́ mi: "Ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀! Kò dín!" Ìgbà tí mo lajú, wọ́n ti fi òwú dí ojú abẹ́rẹ́.

Télọ̀ ń retí mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Ìyá Olóòrí, èló lẹ rí níbẹ̀?"

Mo ní kó bá mi ṣírò rẹ̀, ṣebí òun ló lọ sílé ìwé. Owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tí wọn ò fún mi mọ́, kó yọ owó abọ́ òrí méjì tí nọ́ọ̀sì rà kúrò níbẹ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára aṣọ oníbàárà, ó wò ó títí, ó mi orí: mo pàdánù ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n fáráǹ.