Wáìnì Tísà Ifáníyì

Igi àjàrà kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo Ìrè-Èkìtì, iwájú ilé Tísà Ifáníyì ló sì wà. Bí àlejò kò bá mọ̀, Tísà á sọ fún un kó tó fìdí kan àga. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n lójú ara rẹ̀, ọjọ́ tí igi yẹn so ló tó di àgbẹ̀.

Ẹyẹ ló jẹ èso àkọ́kọ́ tán. Tísà gé àwọn ẹ̀ka rẹ̀, ó bu ajílẹ̀ sídìí rẹ̀, nígbà tó yá, igi tún so lẹ́ẹ̀kejì, èso wíníwíní. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wá nǹkan bò ó. Alẹ́ ọjọ́ náà ni Yéwándé, ìyàwó rẹ̀, fẹ́ sùn, tó gbójú sókè.

"Bàbá Bùkọ́lá, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wa dà?"

"Ó wà lórí àjàrà."

"Kí ẹ̀fọn wá fa ẹ̀jẹ̀ wa tán nínú ulé yìí?"

"Ẹ̀jẹ̀ á tún wá sára. Àjàrà ńkọ́?"

Ó ti kà á lórí fóònù pé àjàrà tó bá pẹ́ lórí igi ni wáìnì rẹ̀ ń dùn jù. Ó bá ń dúró. Àwọn ènìyàn ti wa iṣu tán, ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ètè, Tísà ń dúró. Àràárọ̀ ló ń já ẹyọ kan tọ́ wò láti mọ̀ bóyá ó ti tó, ẹyọ kan á di mẹ́ta, nítorí náà bí èso ṣe ń dùn sí i ló ń dín kù.

Nígbà tó di ọjọ́ ìkórè, ó wọ kóòtù tó wọ̀ lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó mú sáàsì tí Yéwándé fi ń gé aṣọ, ó sì ránṣẹ́ pe Ògúnwùmí adẹ́mu, ará àdúgbò tó ti kọ́ rí ní kíláàsì, kó wá bá a di àkàsọ̀ mú. Ògúnwùmí tó máa ń gun ọ̀pẹ mẹ́wàá kó tó fẹnu kan oúnjẹ àárọ̀ di àkàsọ̀ tí kò ga ju àyà rẹ̀ lọ mú.

"Rọra o! Èyí kì í ṣe ọ̀pẹ."

"Mo rí i bẹ́ẹ̀, sà."

Àjàrà náà kò tó ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì. Tísà fọ̀ ọ́, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó bu omi, ṣúgà àti yíìsì tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò sí i, ó dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, ó fi aṣọ di ẹnu rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ lórí fóònù pé kó má ṣí i. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe máa ṣe wáìnì tí kò ní fi han èèyàn? Ẹni tó wá kí i, ẹni tó wá gba iná, kódà ẹni tó ṣìnà wá, Tísà á tú aṣọ náà: "Wò ó bó ṣe ń hó!"

Lẹ́yìn oṣù kan, ó pe ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì wá tọ́ ọ wò, ó sì pe Ògúnwùmí mọ́ wọn. Alàgbà Ọláyínká, alága wọn, ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó yí i lẹ́nu títí.

"Ó... ó jinlẹ̀," ni ó wí.

Àwọn yòókù ní ó jinlẹ̀ lóòótọ́. Omi ń bọ́ lójú ẹnì kan. Ó ní ọyẹ́ ni. Ó wá kan Ògúnwùmí. Ó mu ún lẹ́ẹ̀kan, ó jáde lọ tutọ́, ó padà wọlé.

"Tísà, ọtí yìí ti kan."

"Kí lo mọ̀ nípa wáìnì?"

"N kò mọ wáìnì, sà. Ọtí tó kan ni mo mọ̀. Ẹ ti ṣí i jù, atẹ́gùn ti bà á jẹ́."

Alàgbà Ọláyínká wá gbé ife rẹ̀ sílẹ̀: "Èmi náà ti fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀." Kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo wọn ló ti fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Tísà kò fi jáde. Ní ọjọ́ kẹrin, Yéwándé ra ìgbín, kò sì ní álọ́ọ̀mù tí yóò fi fọ̀ ọ́. Ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo ìgbín, ó bu wáìnì lé e lórí. Gbogbo yíyọ̀ ara ìgbín ló ṣí kúrò, ẹran náà mọ́ tónítóní. Yéwándé kò lè pa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ sínú, ó sọ fún àwọn aládùúgbò.

Ní ìrọ̀lẹ́, Jùmọ̀kẹ́ tó ń gbé òdìkejì títì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ ìgbín lọ́wọ́ kan àti ife lọ́wọ́ kejì.

"Tísà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi bu díẹ̀ nínú omi ìfọ̀gbín yín."

Tísà là á mọ́lẹ̀ pé wáìnì ni. Jùmọ̀kẹ́ ní òun gbọ́, òun fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí Tísà ti gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn kalẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ nìyí tí yóò fẹnu ara rẹ̀ tọrọ rẹ̀.

"Ṣé kí n bù ú kún?"

"Ẹ bù ú kún, sà."

Bó ṣe ń bù ú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gé ẹ̀ka àjàrà kó lè so lẹ́ẹ̀kejì, àti ìdí tí a kì í fi í kánjú ká a. Jùmọ̀kẹ́ ń mi orí, ó ń sọ pé "ẹn ẹ́n, sà", títí ìgbín méjì fi jáde kúrò nínú abọ́, tí wọ́n ń wọ́ lọ sídìí igi àjàrà.