Ẹni Kẹta Tó Mú Àwọn Ọmọ Bùsírátù

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìfẹ́ ìwé ṣe pọ̀ tó nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kan dúró sójú títì ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun láìwọ aṣọ ilé ìwé. Kó tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, alákàrà á ti bi í pé kí ló ń wá níta, fọkanáísà á ti di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, alágbàfọ̀ á di tòsì mú, ó di ilé ìwé tó bá sún mọ́ tòsí jù. Wọn kì í bèèrè bóyá ilé ìwé rẹ̀ ni. Kó ṣáà ti jẹ́ ilé ìwé.

Àárín irú ìlú yìí ni Bùsírátù ti dìde lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ òun nílé.

Kì í ṣe pé obìnrin yìí kórìíra ilé ìwé o. Ó ṣe tíṣà fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì tó kọ́ kẹ́yìn, àwọn ọmọ pọ̀ débi pé bó bá ń pe orúkọ wọn láàárọ̀, ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn á ti ga sí i kó tó pe orúkọ ẹni ìkẹyìn. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ń ta àdìrẹ lórí fóònù, ó sì fi àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ: Ameenah, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, àti Abdulbaqi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí kì í purọ́, àmọ́ tí kì í sọ òótọ́ tán.

Mùs'áb ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà símẹ́ńtì ní Ewékorò, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé. Nígbà tí Bùsírátù sọ èrò ọkàn rẹ̀ fún un, ó ní, "Ó dáa, mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa sọ fún Bàbá o." Ló bá sáré padà sídìí tírélà rẹ̀ bí ẹni tí ilé ń jó.

Bàbá yìí ni Alhaji Láwàlì, bàbá Mùs'áb, tó ni agboolé tí gbogbo wọn ń gbé ní Ìtòkú. Ó ti ta aṣọ fún àádọ́ta ọdún. Ọmọ mọ́kànlá ló bí, kò sí èyí tí kò wọ yúnífọ́ọ̀mù, àwòrán wọn nínú yúnífọ́ọ̀mù sì kún ara ògiri pálọ̀ débi pé ògiri fúnra rẹ̀ ò ríbi mí. Alhaji ní dígí ojú kan tó dára, ṣùgbọ́n inú àpò ló ń gbé e sí, kó má baà tètè gbó. Ìgbà tó bá fẹ́ ka Kùránì nìkan ló ń yọ ọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó ń rí gbogbo ayé bí ẹni tó ń wo ọjà láti inú kùrukùru.

"Ẹ óò máa kọ́ wọn nílé?" ni Alhaji wí. "Ta ni wọ́n á máa bá ṣeré? Ta ni wọ́n á máa bá jà nígbà ìsinmi?"

"Wọ́n ń bá ara wọn jà dáadáa, Bàbá," ni Bùsírátù dáhùn lórí ìkúnlẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó wá ẹgbẹ́ kiri títí ó fi rí Lydia, nọ́ọ̀sì kan tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Áńgílíkà, tí òun náà ń kọ́ ọmọ mẹ́ta nílé. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara wọn jọ lórí Wásáàpù, bí eré bí àwàdà, wọ́n di ìdílé márùn-ún, ọmọ mọ́kànlá. Ẹgbẹ́ yìí ò ní ilé, wọn ò ní pátákó, wọn ò ní ẹyọ bẹ́ǹṣì kan. Ohun tí wọ́n ní ni Abẹ́òkúta. Ọ̀dọ̀ télọ̀ ni wọ́n ti kọ́ ìwọ̀n. Ọ̀dọ̀ fọkanáísà ni wọ́n ti kọ́ pé afẹ́fẹ́ ní agbára. Lydia fi bí ọkàn ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń lù kọ́ wọn ní ìṣirò. Wọ́n ka àtẹ̀gùn Olúmọ lọ, wọ́n kà á bọ̀, iye rẹ̀ kò dọ́gba, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ lókè àpáta, ìdáhùn nìyẹn fún Alhaji tó ń bèèrè ẹni tí wọn yóò máa bá jà.

Wàhálà kan ṣoṣo tó wà ni ìlú fúnra rẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó mú àwọn ọmọ náà ni Ìyá Beatrice, ọ̀gá àgbà ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún méjìlá sẹ́yìn, àmọ́ tí kò sẹ́ni tó tíì sọ fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Bùsírátù ní kí àwọn ọmọ dúró de òun lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìkàwé, kí òun lọ ṣe fọ́tókọ́pì ìwé kan. Ìgbà tó máa yíjú padà, kò rí wọn mọ́.

"Mo ti rí yín!" ni Ìyá Beatrice pariwo. "Ẹ sá kúrò ní kíláàsì, ẹ wá ń jẹ atẹ́gùn! Ó yá, níwájú mi!"

"Mà, ìyá wa ló ń kọ́..." ni Ameenah bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá rẹ ń kọ́lé? Kó máa kọ́ ọ. Ìwọ máa lọ kàwé!"

Wákàtí méjì ni Bùsírátù fi wá wọn kiri. Nígbà tó máa rí wọn ní ilé ìwé kan, wọ́n ti fi Ameenah jẹ mọ́nítọ̀, Abdulbaqi sì ti bá ọmọ mẹ́ta jẹ oúnjẹ ọ̀sán wọn. Tíṣà wọn ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi mọ́nítọ̀ sílẹ̀ fún òun.

Ẹni kejì ni ọlọ́kadà kan tí ń jẹ́ Ṣéhù. Ó bá wọn níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ó gbé wọn sórí ọ̀kadà, kò sì gba kọ́bọ̀. Nígbà tí ilé ìwé tó gbé wọn lọ sọ pé àwọn ò mọ̀ wọ́n, ó gbé wọn lọ sí òmíràn. Ilé ìwé mẹ́rin ló gbé wọn dé láàárọ̀ yẹn, kó tó wá gbé wọn wá bá Alhaji nínú agboolé, tó ní, "Bàbá, gbogbo ilé ìwé ìlú yìí ló ti lé àwọn ọmọ yín."

Ojú ti Alhaji débi pé ó jókòó láìtẹ́ ẹní. Ó pe Bùsírátù.

"Ìyàwó wa, ẹnu mi kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìgbà kejì nìyí. Bí ẹni kẹta bá fi lè mú àwọn ọmọ yìí lójú títì bí ìsáǹsá, yúnífọ́ọ̀mù ni wọn yóò wọ̀ lọ́jọ́ Ajé tó bá tẹ̀ lé e. Mo ti sọ ọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí mo bá ti sọ̀rọ̀..."

"Kì í yẹ̀, Bàbá."

Kò fi mọ lẹ́nu. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, télọ̀ ti rán yúnífọ́ọ̀mù méjì, búlúù aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó sì wà lára ìṣó nínú pálọ̀, ó ń wo àwọn ọmọ bí ẹyẹ igún ṣe ń wo àgùntàn tó ń ṣàìsàn.

Odidi oṣù kan ni Bùsírátù kò fi jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tàsé ojú rẹ̀ níta. Bí wọ́n bá ń rìn, yóò mú ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, yóò mú èkejì lósì, Lydia yóò sì máa rìn lẹ́yìn bí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ bánkì.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọjọ́rú tí wọ́n lọ wo ẹ̀rọ ìrẹsì ní Láfẹ́nwá dé. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni wọ́n ń bó èèpo rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ mọ́kànlá wọlé ní dúdú, iṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, gbogbo wọn ti funfun. Èérí ìrẹsì bò wọ́n láti irun dé èékánná. Wọ́n fi aṣọ di imú, ojú nìkan ló kù níta, ìyẹn náà funfun ní ìpéǹpéjú. Ìyá tó bí wọn gan-an ń fi ohùn dá wọn mọ̀ ni.

Òùngbẹ gbẹ Ameenah. Ẹ̀rọ omi wà lẹ́yìn géètì, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ó fa àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Wọn ò tíì fi ẹnu kan omi tí ọwọ́ kan fi bọ́ sí èjìká wọn.

"Ẹ̀yin ìsáǹsá! Kí lẹ ń ṣe níbí lákòókò ìwé?"

Àwọn méjèèjì gbójú sókè. Alhaji Láwàlì ni, obì tó wá rà ní Láfẹ́nwá ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, dígí rẹ̀ ń bẹ nínú àpò.

Ameenah wo bàbá rẹ̀ àgbà, ó wo yúnífọ́ọ̀mù lọ́kàn rẹ̀, ó sì pinnu. Ohùn tó fi dáhùn dà bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ tó mu ọtí yó. "Ẹ kú àárọ̀, sà."

"Ọmọ ta ni yín?"

"Ọmọ ìyá wa ni," ni Abdulbaqi wí látinú aṣọ tó fi di imú, ohùn rẹ̀ ò já gaara. Òótọ́ ni.

"Bàbá yín ńkọ́?"

"Ó wà níbi iṣẹ́." Òótọ́ náà ni.

"Kò sí bàbá àgbà nílé yín, tó lè bá yín wí?"

"Ó wà," ni Abdulbaqi wí. "Òun náà ò sí nílé nísinsìnyí."

Alhaji mi orí. Ó ti pinnu ohun tí yóò ṣe. Kò ní mú wọn lọ sílé ìwé kankan. Ilé òun ni yóò mú wọn lọ, kí Bùsírátù fi ojú ara rẹ̀ rí bí ọmọ tí kò lọ sílé ìwé ṣe ń dà. Ó dá kẹ̀kẹ́ Màrúwá dúró, ó tì wọ́n sínú rẹ̀. Bùsírátù yọ sí géètì lásìkò yẹn gan-an. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé: bó bá pariwo, Alhaji á mọ ẹni tó mú. Òun àti Lydia kó ọmọ mẹ́sàn-án funfun báláú sínú ọkọ̀ Lydia, wọ́n ń rọra tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ náà bí ìgbà tí òkú mẹ́sàn-án bá ń lé alààyè kan.

Nínú kẹ̀kẹ́, Alhaji fẹ́ dójú tì wọ́n. "Ìgàn aṣọ kan, ọgbọ̀n yáàdì. Obìnrin mẹ́ta gba yáàdì márùn-ún márùn-ún. Mélòó ló kù? Ṣé ẹ lè mọ̀ ọ́n?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ni Ameenah ké bí ọ̀pọ̀lọ́. "Ó tún tó obìnrin mẹ́ta mìíràn, bí wọn ò bá sanra."

Alhaji yí ìbéèrè padà. "Kí ló dé tí ìrẹsì Ọ̀fàdà fi ń ní àbàwọ́n pupa lára?"

Abdulbaqi dáhùn pé awọ inú ìrẹsì ni, pé ẹ̀rọ kì í bó o tán, pé ibẹ̀ gan-an ni adùn àti oúnjẹ tó ń ṣara lóore wà, pé bí wọ́n bá bó o tán, a jẹ́ pé wọ́n sọ ọ́ nù fún adìyẹ.

"Ẹ ka Fátíhà."

Wọ́n kà á. Wọ́n fa ibi tó yẹ kí wọ́n fà, wọ́n sinmi níbi tó yẹ kí wọ́n sinmi. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ gbàgbé láti yà síbi tó yẹ, ó ń bá wọn ṣe àmín títí wọ́n fi kọjá Ìtòkú.

Omi lé sí Alhaji lójú. "Ilé ìwé wo lẹ sá kúrò? Ta ló kọ́ yín?"

"Ìyá wa ni."

"Áà! Olúwa bá mi bù kún ìyá yẹn. Ìyàwó ọmọ mi kan ń bẹ nílé, ó lóun náà ń kọ́ ọmọ. N óò pè é kó wá wo yín, kó wá kọ́gbọ́n lára ìyá yín."

Nígbà tí wọ́n wọ agboolé, Bùsírátù ti dé lẹ́yìn wọn, ó ń mí helehele.

"Ìyàwó wa, ẹ wá wò ó! Ìsáǹsá ni mo pè wọ́n, àmọ́ ìyá tó kọ́ wọn, ẹ ò lè bá a dọ́gba! Ẹ bu omi sí wọn lára kí n rí ojú ọmọ ọlọ́lá."

Kò sẹ́ni tó lọ bu omi. Alhaji fúnra rẹ̀ bu omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ wọ́n lójú. Bí omi ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń falẹ̀. Ó fi aṣọ nu ọwọ́, ó yọ dígí jáde látinú àpò, ó fi sójú.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá àgbà," ni Abdulbaqi wí.

Obì tó há sábẹ́ apá Alhaji já bọ́ sílẹ̀.

"Ṣé ẹ mú wọn lójú títì, Bàbá?" ni Bùsírátù bèèrè, orí ìkúnlẹ̀ ló wà. Ojú rẹ̀ wà lára yúnífọ́ọ̀mù tó ń fì lára ìṣó nínú pálọ̀.

"Mo mú wọn."

"A jẹ́ pé ẹ̀yin lẹni kẹta."

"Èmi ni ẹni kẹta." Alhaji jókòó. Ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bóyá ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa fi dígí wò ó. "Mo sì ti sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ mi ò ní yẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, wọn yóò wọ yúnífọ́ọ̀mù." Ó nu dígí, ó tún fi í padà. "Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí kí n sọ ibi tí wọn yóò wọ̀ ọ́ lọ?"

Láàárọ̀ Ajé, Ameenah àti Abdulbaqi wọ yúnífọ́ọ̀mù, wọ́n gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n dágbére fún ìyá wọn lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n rin ìṣísẹ̀ mọ́kànlélógún kọjá kànga, wọ́n sì wọ pálọ̀ bàbá wọn àgbà. Alhaji ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú agogo. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni àwọn ọmọ Lydia àti ìyókù ẹgbẹ́ ń wá báyìí, tí Alhaji ń kọ́ wọn bí a ṣe ń wọn aṣọ, bí a ṣe ń dá ayédèrú mọ̀, àti bí a ṣe ń fi sùúrù bá oníbàárà lò.

Ní Ọjọ́rú kẹta, òun fúnra rẹ̀ kó àwọn méjèèjì jáde láti lọ wo àwọn aláró. Ọgbọ́n ò pọ̀ nínú ìyẹn, nítorí yúnífọ́ọ̀mù wà lọ́rùn wọn. Ìyá Beatrice sì ń bọ̀ látìsàlẹ̀.

"Nínú yúnífọ́ọ̀mù pàápàá! Àti bàbá tó ń kó wọn sá!"

"Màdáámù, ẹ farabalẹ̀, èmi ni bàbá wọn àgbà..."

"Ó tún burú sí i! Ó yá, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ tò sórí ìlà!"

Nígbà tí Bùsírátù máa dé ilé ìwé tó kó wọn lọ, Alhaji Láwàlì wà níwájú kíláàsì kẹrin, dígí lójú, ìgàn aṣọ tó fẹ́ gbé fún àwọn aláró ti tú ká láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé. Ọgọ́ta ọmọ ń wọ̀n ọ́n. Ìyá Beatrice mú ìdí ìgàn náà dání, ó ń ka yáàdì sókè.

"Bàbá, mo wá mú yín lọ sílé," ni Bùsírátù sọ jẹ́jẹ́.

Alhaji kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìyàwó wa, ẹ má dí mi lọ́wọ́. Agogo ò tíì lù."