Arlene tó Ń Fọ Jẹ́sì fún Haldeman

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Arlene Kessinger fi fọ jẹ́sì àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Tamarack. Kóòṣì mẹ́ta ló bá ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá bi í pé irú èèyàn wo ni wọ́n, kò ní ka ife-ẹ̀yẹ fún yín. Á ní inú aṣọ ìdọ̀tí ni òun ti mọ̀ wọ́n. Royce Haldeman máa ń fi eyín gé táwẹ̀lì títí á fi lu. Wendell Stroud máa ń ká tiẹ̀ dáadáa kó tó jù ú sínú agbọ̀n, bí ẹni tí kò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹ̀kẹta, ọdún méjì péré ló lò, kò borí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Èmi Hoyt Lindauer ni mo ni ilé oúnjẹ àárọ̀ tó dojú kọ ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Corvin, ìlú tí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wà. Tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tèmi kọ́ ni mọ́, ti Orv Bixler àti Clete Sommer ni. Orv ló ń tún katakata ṣe fún gbogbo àgbẹ̀ agbègbè yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Clete kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò. Láti ogún ọdún ni wọ́n ti ń ja ìjà kan ṣoṣo lórí tábìlì yẹn: ta ló ju ta lọ, Haldeman tàbí Stroud? Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé ariwo wọn ti sú mi. Irọ́ ni. Bí wọn ò bá wá, ẹyin mi kì í dín dáadáa.

"Wendell Stroud?" Orv á ní. "Ṣé kóòṣì nìyẹn ni àbí pásítọ̀?"

"Pásítọ̀ sàn ju wèrè tó ń jẹ táwẹ̀lì lọ," Clete á dá a lóhùn.

"Wèrè tó gba ife wálé! Tìẹ dà?"

"Gbogbo ọmọ tí Stroud kọ́ ló gba ìwé ẹ̀rí, Orv. Gbogbo wọn pátá."

"O ṣeun. Ṣé ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ń gbé kọ́ sí òrùlé gbọ̀ngàn bọ́ọ̀lù, àbí àsíá ìṣẹ́gun?"

Àárín wọn ni Arlene máa ń jókòó sí, pẹ̀lú kọfí tí kò ní ṣúgà, á máa rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n jẹun kó má tutù. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni. Ray ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án, Ọlọ́run ò fún wọn lọ́mọ. Tábìlì yẹn ni ẹbí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí òtútù mú un tí kò lè wá, oúnjẹ Orv ṣì wà lórí iná nígbà tó ti ń kan ìlẹ̀kùn Arlene gbà-gbà-gbà bí ọlọ́pàá. Nítorí náà, ẹ má ṣe pe Orv ní èèyàn burúkú kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi.

Ìtàn kan wà tí ìlú yìí fẹ́ràn ju gbogbo ìtàn lọ. Ní ìgbà òtútù ọdún 1978, ẹgbẹ́ kan tí kò tó nǹkan wá sí gbọ̀ngàn wa, wọ́n fi àmì mọ́kànlélọ́gbọ̀n nà wá. Haldeman ní kò sí jẹ́sì tí wọ́n máa fọ̀ mọ́, àti ti ìdíje àti ti ìdánrawò, títí àwọn ọmọ náà á fi borí. Ó ti ilé ìfọṣọ pa, ó gbé kọ́kọ́rọ́ fún Arlene. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi wọ òógùn ara wọn. Lọ́jọ́ kọkànlá, wọ́n lọ na ẹgbẹ́ Crandall nílé wọn, àwọn èèyàn sì ní òórùn àwọn ọmọ wa ló kọ́kọ́ wọlé gba bọ́ọ̀lù. Ẹnu Arlene ni ìtàn yìí ti máa ń dùn jù. Á máa sín bí ẹni tí òórùn ń ṣe, a ó sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa.

Ọmọ kan ṣoṣo ni kò fara dà á, bí a ṣe gbọ́. Denny Vogler lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún láti Ohio. Wọ́n ní lọ́jọ́ kẹsàn-án ló sá lọ bá ìyá rẹ̀. Láti ìgbà náà ni orúkọ rẹ̀ ti di èébú nílùú yìí. Ọmọ tó bá fi ẹ̀kọ́ dùùrù sílẹ̀, ó ṣe Vogler nìyẹn. Èmi gan-an, bí ẹnì kan bá fi oúnjẹ sílẹ̀ nínú àwo, mo máa ń ní, "Má ṣe Vogler fún mi o, jẹ ẹ́ tán." Mi ò mọ iye ìgbà tí mo sọ ọ́ lójú Arlene.

Ní Mọ́ńdè kan nínú oṣù kejì, Orv wọlé, inú rẹ̀ ń dùn bíi ti ọkọ ìyàwó. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti gbà fún un: wọ́n máa kọ orúkọ Haldeman sára ilẹ̀ pákó gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Sátidé.

"Àǹtí Arlene, ẹ̀yin nìkan lẹ kù láyé nínú àwọn tó bá a ṣiṣẹ́," ó ní. "Wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ wá sọ ìtàn jẹ́sì. Mo ti bá yín gbà á."

"O ti bá mi gbà á?"

"Ta ló tún mọ̀ ọ́n sọ? Clete máa jókòó níwájú, kó gbọ́ ohun tí ọkùnrin ń ṣe."

"Èmi á gbé etí mi sílé," Clete ní.

Arlene ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó wá bá mi lẹ́yìn káńtà níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé, ó ní kí n pa iná ná.

"Denny ò sá lọ," ó ní.

"Denny wo?"

"Denny wo ló tún kù? Vogler."

Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́ fún mi, ó ń wo ọ̀rá tó ń dì nínú páànù.

"Lọ́jọ́ kẹfà ló wá bá mi. Ó gbé ṣòkòtò péńpé rẹ̀ sínú àpò bébà. Itan rẹ̀ ti bó lára ilẹ̀ pákó, ojú ibẹ̀ ti wú, ó ti ń ṣọyún. Ó ní, 'Àǹtí, ẹ bá mi fọ èyí nìkan, mi ò ní sọ fẹ́nì kan.' Ọrùn mi ni kọ́kọ́rọ́ wà, Hoyt. Ọrùn mi níbí."

"Ṣebí Haldeman ló ní kẹ́ ẹ má fọ̀ ọ́. Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Haldeman ò sí nílùú lọ́jọ́ yẹn. Ǹ bá ti fọ̀ ọ́, ǹ bá ti sá a gbẹ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ̀rù kọ́ ló bà mí. Mo fẹ́ ká borí ni. Mo rò pé bí mo bá fọ ẹyọ kan, oríire wa á bà jẹ́. Mo ní kó lọ ṣe bí ọkùnrin."

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ibà gbé Denny dè. Bàbá rẹ̀ wakọ̀ wá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nítòsí ilé wọn. Àrùn náà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè orúnkún. Haldeman mọ̀, ó sì sọ fún àwọn ọmọ yòókù pé ó sá. Arlene náà mọ̀, nítorí ìyá Denny kọ lẹ́tà sí i, ó ní Denny ní kí òun kí Àǹtí ilé ìfọṣọ. Arlene ò fèsì lẹ́tà náà.

"Bí mo bá sọ ọ́ ní Sátidé," ó ní, "mi ò ní ibi tí mo máa jókòó sí mọ́ láàárọ̀. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, màá tún kú pẹ̀lú ẹ̀rín yẹn létí mi."

Ó yẹ kí n sọ pé mo gbà á níyànjú bí ọmọlúwàbí. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kó sọ ìtàn náà bí a ṣe mọ̀ ọ́n, kó jókòó. Mo ní Haldeman ti kú, Orv ò sì ní dárí jì í láé. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ń tì mí, mi ò sì fẹ́ kí gbogbo ìlú mọ ohun tí a ti ń fi orúkọ ọmọ yẹn ṣe. Ó wò mí, ó ní, "O ṣeun, Hoyt," ó sì padà lọ jókòó. Ó dùn mí títí di òní.

Lọ́jọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn kún títí dé òkè. Wọ́n ti fi aṣọ aláwọ̀ ewé bo orúkọ tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ọmọbìnrin Haldeman wà níwájú, Orv jókòó tì í, ó wọ táì. Nígbà tí Arlene dé ìdí máìkì, àwọn èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín kó tó lanu. Ó sọ ti ìyà tí wọ́n fi jẹ wá, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó sọ ti kọ́kọ́rọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Lọ́jọ́ kẹfà," ó ní, "Denny Vogler wá bá mi."

Gbogbo gbọ̀ngàn hó yèè. Ẹnì kan kígbe látòkè pé, "Ó ti sá!"

Arlene dúró kí ariwo rọlẹ̀. "Ó ní kí n bá òun fọ ṣòkòtò òun. Mo ní rárá."

Ẹ gbọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo rí ìyá àgbà kan tó dìde dúró kó lè pàtẹ́wọ́ dáadáa.

"Egbò wà nítan rẹ̀," Arlene ní. "Egbò yẹn ló wọ inú ẹ̀jẹ̀. Kò sá. Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè orúnkún. Haldeman ló ṣe òfin, èmi ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn."

Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ dáadáa, wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó ń di ọwọ́ àga mú. Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì gba máìkì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìrántí iyebíye, ó sì ní kí wọ́n ṣí aṣọ. Orúkọ náà tóbi, ó rẹwà. Bàǹdì kọrin.

Ní Mọ́ńdè, mo rò pé tábìlì yẹn á dákẹ́. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Aago mẹ́fà ò tíì lù tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé o ti gbọ́ báyìí?" Clete ní, ó ń fi ṣíbí lu ife. "Ogún ọdún ni mo ti ń sọ ọ́. Stroud ò gé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni."

"Ọmọ tó lé ní igba ni Haldeman kọ́, Clete! Igba! Ìwọ oníṣirò, ẹsẹ̀ kan nínú irínwó, èló nìyẹn?"

"O gbọ́ ara rẹ ṣá?"

"Mi ò ní kò dùn mí. Mo ní ẹ má fi ọjọ́ mọ́kànlá da ọdún mọ́kànlélógún nù."

Ìgbà yẹn ni Arlene wọlé. Orv dìde lójú ẹsẹ̀, ó fa àga fún un bó ṣe máa ń ṣe. Kò bínú sí i, kò pa á tì. Gbogbo ohun tí obìnrin yìí ti bẹ̀rù, kò sí ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀. Àmọ́ Arlene ò jókòó.

"Ọjọ́ kẹta rèé," ó ní. "Gbogbo ìlú ló ń sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá ẹni tó ni ín wà láàyè."

Clete wo kọfí rẹ̀. Orv fọwọ́ ra orí. Èmi ni mo bi í.

Ó mú ègé ìwé ìròyìn kan jáde nínú àpò rẹ̀, ó ní kí n kà á sókè. Ìkéde òkú ni, láti ìlú kan ní Ohio, oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá. Mo kà á. Dennis Vogler, ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin. Ó ń ta irúgbìn fún àwọn àgbẹ̀. Ó fi ìyàwó àti ọmọbìnrin méjì sílẹ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Tamarack lábẹ́ Kóòṣì Royce Haldeman, Dennis sì máa ń sọ pé kò sí kóòṣì tó dà bíi rẹ̀ láyé. Bí Tamarack bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan rédíò tó fi ń gbọ́ ọ.

Arlene ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé ó ń dúró de ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu wa, ọ̀rọ̀ èyíkéyìí, bó tiẹ̀ jẹ́ "ó mà ṣe o."

Orv fọwọ́ lu tábìlì, kọfí ta sílẹ̀.

"Ṣé ẹ gbọ́!" ó ní, ó nàka sí Clete. "Denny fúnra rẹ̀! Ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ ló sọ ọ́! Ó tán lónìí, Clete, ó ti tán!"

Clete ò jẹ́ kó tutù. "Denny ò gbá bọ́ọ̀lù fún Stroud rí," ó ní. "Báwo ló ṣe máa mọ̀?"

Arlene gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó jáde. Kò ti ìlẹ̀kùn. Òtútù ń fẹ́ wọlé wá bá wa, ẹnikẹ́ni ò dìde. Inú bí mi débi pé mo já ife gbà lọ́wọ́ Orv, mo ní kó máa lọ sílé rẹ̀.

Kò dìde. Mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, mo sì wo ojú rẹ̀ dáadáa, kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀.

"Hoyt," ó ní, "kí ni mo sọ?"